Kí A Wọn Ẹ̀yìn Kí A Tó Wọn Pákó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ara kì í ṣe òkúta, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ ọ̀la rọ òun lọ́rùn, àfi kí ó mọ bí a ti ń sinmi lónìí. Àgbẹ̀ tí ó fi gbogbo òwúrọ̀ kọ ebè, ìyálọ́jà tí kò rí àyè jókòó láti ìgbà tí ó ti pàtẹ títí oòrùn fi wọ̀, awakọ̀ tí ó di ìdarí ọkọ̀ mú láti Ìbàdàn títí dé Ìlọrin, àti akọ̀wé tí ó tẹ̀ sórí ìwé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wá nígbà tí wọ́n bá wọlé: ibi tí wọn yóò fẹ̀yìn tì tí ara yóò fi tù wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá wo yàrá àlejò nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, àga tí a óò bá níbẹ̀ ni èyí tí a ṣe láti fi dá ilé lọ́lá. A ti wọn ògiri kí àga lè gba ibẹ̀, a ti wọn aṣọ kí ó lè bá kọ́tìnnì mu, a sì ti wọn pákó kí ó má baà ṣòfò. Ẹ̀yìn ẹni tí yóò jókòó níbẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò wọ̀n. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù, kí n lè ṣàlàyé ohun tí ó ń mú àga ìrọ̀gbọ̀kú tura ní tòótọ́, àti ìdí tí ìfẹ̀yìntì tí a lè sún síwájú sẹ́yìn fi jẹ́ ohun tí ó yẹ kí oníṣẹ́ ọnà àti oníbàárà jọ mú ní ọ̀kúnkúndùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Eegun kéékèèké ni Ẹlẹ́dàá tò lé ara wọn láti ọrùn dé ìdí, 24 nínú wọn ni ó sì ń tẹ̀ tí ó ń yí bí ara ti ń yí. Bí a bá wo ènìyàn láti ẹ̀gbẹ́, a óò rí i pé ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò gún ṣánṣán: ó wọ inú ní ọrùn, ó yọ sẹ́yìn láàárín èjìká, ó tún wọ inú lókè ìbàdí, kí ó tó yọ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i níbi ìdí. Eegun 5 tí ó wà níbi tí ẹ̀yìn ti wọ inú lókè ìbàdí yìí ni ó ru èyí tí ó wúwo jù nínú ẹrù ara, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbá mú nígbà tí wọ́n bá ń dìde tí wọ́n sì ń kígbe pé, “Ẹ̀yìn mi o!” Láàárín eegun kan àti èkejì ni ìrọ̀rí kan wà, tí ó rọ̀ tí ó sì yi, tí kò jẹ́ kí eegun máa ha eegun. Nígbà tí ènìyàn bá ti dàgbà, ìrọ̀rí yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ. Bíi kànìnkànìn ni ó ń ṣe, tí a bá tẹ̀ ẹ́, omi a jáde, tí a bá tu ú sílẹ̀, a tún fa omi àti oúnjẹ mu. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jókòó sójú kan fún wákàtí mélòó kan láì yí padà, ebi ni ó ń fi pa ìrọ̀rí ẹ̀yìn ara rẹ̀, bí àga tí ó jókòó sí tilẹ̀ rọ̀ bí òwú.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rírọ̀ yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe wa pọ̀ sí. Nígbà tí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ ni ó máa ń fi tẹ fóòmù, bí ọwọ́ bá sì ti wọlẹ̀ dáadáa, ó gbà pé àga náà yóò tura. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìdí bá rì wọ inú fóòmù tí kò ní agbára, ìbàdí a yí sẹ́yìn, ibi tí ẹ̀yìn ti yẹ kí ó wọ inú a yọ síta, gbogbo ẹ̀yìn a sì tẹ̀ kọdọrọ. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, adùn ni. Lẹ́yìn wákàtí kan, iṣan ẹ̀yìn tí ó ti ń nà láti di ara mú yóò bẹ̀rẹ̀ sí ro. Ohun tí ẹ̀yìn ń fẹ́ ni ohun tí yóò gbé e ró níbi tí ó ti wọ inú, àti àyè láti máa yí padà láti ipò kan sí òmíràn. Rírọ̀ kàn wá ń bá àwọn méjèèjì kẹ́sẹ̀ ni. Òun kọ́ ni olórí wọn.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti fura sí èyí tipẹ́tipẹ́. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, a ti ṣe àga kan fún Philip Kejì, ọba Sípéènì, ẹni tí àrùn oríkèé ríro fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di arọ, tí ẹ̀yìn àga náà àti ìtìsẹ̀ rẹ̀ ṣeé sún bí ara ọba bá ti fẹ́. Jehan Lhermite, ìránṣẹ́ ààfin rẹ̀, sì ya àwòrán àga náà sílẹ̀ fún ìran tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n àga ọba kì í ṣe àga tálákà. Ó di ọdún 1866 kí ọgbọ́n náà tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ilé gbogbo ènìyàn. Ní ọdún náà, Warington Taylor, tí í ṣe alábòójútó ilé-iṣẹ́ William Morris ní Lọ́ńdọ̀nù, rí àga kan nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà àgbàlagbà kan tí ń jẹ́ Ephraim Colman, ní abúlé Herstmonceux ní agbègbè Sussex. Ó ya bí àga náà ti rí, ó fi ránṣẹ́ sí Philip Webb, ayàwòrán ilé tí ó ń bá wọn ṣiṣẹ́, Webb tún un ṣe kí ó lè bá ojú mu, ilé-iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á. Morris, akéwì ọ̀rọ̀, ahunṣọ, atẹ̀wé, ọ̀gá láàárín àwọn ọlọ́nà, ẹni tí ó máa ń kọ́ ènìyàn pé ohun tí kò wúlò tí kò sì lẹ́wà kò ní ibùjókòó nínú ilé ẹni, ni ayé fi orúkọ rẹ̀ pe àga náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a máa dárúkọ Colman mọ́ ọn, nítorí ọwọ́ káfíńtà abúlé ni a ti gba ẹ̀kọ́ náà.

Bí àga náà ti ń ṣiṣẹ́ kò díjú rárá, ìdí tí ó fi tọ́ kí a wò ó fínnífínní nìyẹn. Ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ ìjókòó gbagidi. Irú irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí ni a fi so ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, kí ó lè máa dagun. Apá àga méjèèjì gùn kọjá sẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, a sì lu ihò tàbí gbẹ́ kòtò kéékèèké sí ara wọn ní ẹsẹẹsẹ. Ọ̀pá kan tí a fi igi tàbí irin ṣe ni a dá bùú láti apá ọ̀tún dé apá òsì, ìfẹ̀yìntì a sì gbára lé e. Bí ẹni tí ó jókòó bá fẹ́ kàwé, yóò fi ọ̀pá náà sí kòtò iwájú, ẹ̀yìn àga yóò sì nàró. Bí ó bá fẹ́ tẹ́tí sí rédíò, yóò sún un sí kòtò àárín. Bí oorun ọ̀sán bá ń pe ojú rẹ̀, yóò gbé e lọ sí kòtò tí ó kẹ́yìn, kí ó sì rọ̀gbọ̀kú. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí sípíríńgì, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́ tí káfíńtà àdúgbò kò ní lè tún ṣe.

Láti ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti tàn kálẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Gustav Stickley mú un lò pẹ̀lú igi óòkù tí ó nípọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní ìlú Vienna, ní nǹkan bí ọdún 1905, Josef Hoffmann ya àga kan tí ilé-iṣẹ́ J. & J. Kohn ṣe jáde, tí ọ̀pá rẹ̀ ń gbára lé bọ́ọ̀lù igi róbótó tí a tò sẹ́yìn apá rẹ̀, débi pé ohun tí ó ń di ẹ̀yìn mú náà tún di ọ̀ṣọ́ àga. Ní ọdún 1928, ní ìlú Monroe ní ìpínlẹ̀ Michigan, àwọn ìbátan méjì, Edward Knabusch àti Edwin Shoemaker, fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí ó ń dagun bí ara ti ń dagun. Oníṣòwò kan ní ìlú Toledo wí fún wọn pé ìgbà ooru nìkan ni ènìyàn lè ra irú rẹ̀, pé kí wọ́n fi tìmùtìmù bò ó kí ó lè wọ inú ilé. Wọ́n gbọ́ràn, ní ọdún 1929 àga onítìmùtìmù náà jáde, orúkọ tí wọ́n sì fún un, La-Z-Boy, ni ilé-iṣẹ́ wọn ń jẹ́ títí di òní. Nínú àga tiwọn, ọ̀pá àti kòtò ti lọ. Ìwúwo ẹni tí ó jókòó gan-an ni ó ń ti ẹ̀yìn àga, bí ó bá sì tẹ̀ sẹ́yìn, ìjókòó náà a bá a rìn.

Ẹ̀yìn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn oníṣègùn wá dé láti fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 1948, Bengt Åkerblom, ọmọ ilẹ̀ Sweden, tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ti ń dúró àti bí a ti ń jókòó, níbi tí ó ti ṣàlàyé pé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, lókè ìbàdí, ni ó yẹ kí àga kọ́kọ́ gbé ró. Ní ọdún 1953, Jay Keegan, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Omaha ní Amẹ́ríkà, ya fọ́tò eegun àwọn ènìyàn ní oríṣiríṣi ìdúró, ó sì rí i pé nígbà tí igun tí ó wà láàárín itan àti àyà bá súnmọ́ dìgírì 135 ni ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń wà ní ìrísí tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, àti pé bí a bá jókòó ṣánṣán ní dìgírì 90, ibi tí ó yẹ kí ó wọ inú a tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tí ó yá, Alf Nachemson ní ìlú Gothenburg fi abẹ́rẹ́ tí ń wọn ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sínú ìrọ̀rí ẹ̀yìn àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn. Ó rí i pé ẹrù tí ó wà lórí ìrọ̀rí náà nígbà tí a jókòó láì fẹ̀yìn ti ohunkóhun ju ti ìgbà tí a dúró lọ. Ní ọdún 1974, Gunnar Andersson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí ìfẹ̀yìntì bá ti ń dagun sẹ́yìn sí i, tí ohun kan sì gbé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ró, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù náà ń fúyẹ́, tí iṣan ẹ̀yìn náà sì ń sinmi. Ohun tí ọwọ́ káfíńtà Sussex ti mọ̀ ni abẹ́rẹ́ oníṣègùn wá jẹ́rìí sí.

Nílé tiwa, ìsinmi ní ọlá. Ṣé àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ aláàfin ni a óò gbàgbé ni, àwọn tí ń fi awọ pupa àti dúdú rán tìmùtìmù tí ọba àti ìjòyè ń gbẹ́sẹ̀ lé? Ta ni kò sì mọ àga aláṣọ tí a ń ká, tí bàbá àgbà máa ń nà gbọọrọ sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí ó ní kòtò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a fi ń sọ ọ́ di gíga tàbí kí ó lọ sílẹ̀? Àga náà dára fún atẹ́gùn, ó rọrùn láti gbé, ó sì ń dagun. Ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ a máa rọ̀ sílẹ̀ láàárín, ẹ̀yìn a sì tẹ̀ tẹ̀lé e, ìdí nìyí tí bàbá fi ń ké gbà wá kí ó tó dìde. Bí a bá ká ìrọ̀rí kékeré kan tí a sì fi sí ibi tí ẹ̀yìn ti wọ inú, ìyàtọ̀ rẹ̀ yóò hàn lójú ẹsẹ̀.

Báwo ni ó ti yẹ kí a wọn àga tí a fẹ́ ṣe? Gíga ìjókòó láti ilẹ̀, lẹ́yìn tí fóòmù bá ti wọlẹ̀ lábẹ́ ara, yẹ kí ó wà láàárín íǹṣì 15 sí 17. Fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, kí ó tó 18, nítorí pé àga tí ó ṣòro láti dìde nínú rẹ̀ ti di pańpẹ́. Jíjìn ìjókòó láti iwájú dé ẹ̀yìn kò yẹ kí ó ju íǹṣì 20 lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kúrú ń fẹ́ èyí tí ó dín sí i: nígbà tí ẹ̀yìn bá kan ìfẹ̀yìntì, ìka méjì tàbí mẹ́ta gbọ́dọ̀ lè wọ àárín etí àga àti ẹ̀yìn orúnkún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ yóò kú. Kí iwájú ìjókòó ga ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ ní íǹṣì kan àbọ̀ sí méjì, kí ènìyàn má baà máa yọ́ wá síwájú nígbà tí ó bá rọ̀gbọ̀kú. Kí apá àga ga ju ìjókòó lọ ní íǹṣì 8 sí 9, kí èjìká má ṣe gbé sókè, kí ó má sì ṣe ṣubú.

Ìfẹ̀yìntì ni ọ̀gá gbogbo rẹ̀. Kí ibi tí yóò yọ síwájú láti gbé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ró wà ní nǹkan bí íǹṣì 6 sí 9 lókè ìjókòó, kí ó má sì yọ ju íǹṣì kan sí kan àbọ̀ lọ. Kí a sì fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí ìdí lè rí ibi wọ̀ sẹ́yìn, nítorí pé bí ìdí kò bá rí àyè, ìrànlọ́wọ́ tí a ṣe fún ẹ̀yìn yóò di ohun tí ń ti ènìyàn ṣubú síwájú. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ibi tí ẹ̀yìn ọkọ ti wọ inú lè ga ju ti ìyàwó lọ ní íǹṣì méjì, àga kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń jókòó sí. Nítorí náà ni ó fi dára kí ìrọ̀rí ẹ̀yìn máa sún sókè sódò. Ọ̀nà tí kò náni lówó ni pé kí a rán ìrọ̀rí pẹlẹbẹ kan, kí a so awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ọn, kí awọ náà gba orí ìfẹ̀yìntì kọjá sẹ́yìn, kí a sì so àpò iyanrìn kékeré mọ́ ìdí wọn tí yóò wúwo tó ìrọ̀rí náà. Ibi tí a bá fi ọwọ́ sún un dé ni yóò dúró sí. Ìdí mìíràn tún wà tí èyí fi ṣe pàtàkì: ibi tí àga ti ń yí wà lẹ́yìn ìdí, oríkèé itan tí ara ti ń yí sì wà níwájú rẹ̀ àti lókè rẹ̀ díẹ̀, nítorí náà, bí àga bá ti ń dagun, ẹ̀yìn ènìyàn àti ẹ̀yìn àga kì í rìn pọ̀ déédéé, ìrọ̀rí tí ó wà ní ipò rẹ̀ nígbà tí a nàró yóò sì ti kúrò ní ipò nígbà tí a bá rọ̀gbọ̀kú.

Fún káfíńtà tí ó bá fẹ́ ṣe irú àga Morris, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kan lé e lọ́wọ́. Bí ọ̀pá ìdábùú bá wà ní íǹṣì 9 lókè ibi tí ìfẹ̀yìntì ti ń yí, kí kòtò àkọ́kọ́ wà ní íǹṣì 2 sẹ́yìn ibẹ̀, èkejì ní íǹṣì 3 àbọ̀, ẹ̀kẹta ní íǹṣì 5; ìfẹ̀yìntì yóò wà ní nǹkan bí dìgírì 102, 111 àti 119 sí ilẹ̀, èyí tí ó tó fún ìwé kíkà, fún ìtàkùrọ̀sọ, àti fún oorun ọ̀sán. Ní kòtò kẹta, orí náà ń fẹ́ ibi gbára lé, nítorí náà kí ìfẹ̀yìntì ga tó íǹṣì 28 sí 30 lókè ìjókòó, kí ìtìsẹ̀ sì wà nítòsí. Kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àga ya sẹ́yìn dáadáa, nítorí pé bí ara bá ti ń dagun ni ìwúwo ń lọ sẹ́yìn, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nàró ṣánṣán lè gbé ènìyàn ṣubú. Ìrókò olúwéré, igi tí ikán kì í rí gbé ṣe, tàbí apá, tàbí ọ̀gànwó, ni kí a fi ṣe apá tí kòtò wà. Arère rọ̀ jù fún iṣẹ́ yẹn, ọ̀pá yóò jẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, kí pákó ìfẹ̀yìntì ní àlàfo láàárín ara wọn kí atẹ́gùn lè kọjá, kí fóòmù tí ó le wà nísàlẹ̀, kí èyí tí ó rọ̀ sì wà lórí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ẹni tí ó fẹ́ ra àga kò gbọdọ̀ tijú láti jókòó sí i fún ìdámẹ́rin wákàtí nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí ó fi ìdí kan ẹ̀yìn pátápátá, kí ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ wá àyè láàárín ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ àti àga: bí ọwọ́ bá kọjá wẹ́rẹ́, àga náà kò gbé e ró. Kí ó sún ìfẹ̀yìntì lọ sí gbogbo ipò rẹ̀ láì dìde, bí ó bá ṣeé ṣe. Ohun tí ó bá nira láti sún, a kì í sún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ó sì dìde láì fi ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe ìrànlọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń kọ́lé fún àwọn òbí wọn tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì ń fi àga olówó gọbọi kún un láti fi ìfẹ́ hàn. Ó dára bẹ́ẹ̀, kí Olódùmarè máa bù sí i. Ṣùgbọ́n kí a tó sanwó, kí a mú bàbá tàbí ìyá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí káfíńtà fi téèpù wọ̀n wọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orúnkún, láti orúnkún dé ìdí, àti láti ìdí dé ibi tí ẹ̀yìn ti wọ inú, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó fi ayùn kan igi. Kí àwọn ọ̀gá náà sì fi ìwọ̀n mẹ́ta yìí kún ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó fún un ní òmìnira, nítorí pé ọwọ́ wọn ni ìsinmi àwọn àgbà wa wà.